Ọmọ Kì Í Ṣe Ìwọ̀fà: Ọ̀rọ̀ Bàbá àti Ìyá Tí Kò Gbé Pọ̀ Mọ́

Lóṣù yìí a fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ èlé àti ìpín sí ẹ̀gbẹ́ kan ná, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan ń wọ ọ́fíìsì ẹgbẹ́ lemọ́lemọ́, ó sì ń jẹ owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bí ikán ti ń jẹ igi àjà. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni: ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń gbé lọ́tọ̀, tí ìyá rẹ̀ ń gbé lọ́tọ̀. Ẹni tí ọmọ wà lọ́dọ̀ rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnì kejì fojú kàn án. Ẹni tí kò rí ọmọ kò mú owó oúnjẹ wá mọ́. Kò ní pẹ́, àwọn méjèèjì á dé ọ́fíìsì wa. Ọ̀kan á fẹ́ yá owó láti san owó ilé ìwé, èkejì á fẹ́ yá owó láti gba lọ́yà. Owó ẹgbẹ́ kan náà ni, orí ọmọ kan náà ni wọ́n sì ń ná an lé.

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tọkọtaya kì í ṣe ohun tí ẹgbẹ́ ń dá sí. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni wá, a kì í ṣe ilé ẹjọ́. Àmọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti ń ba òwò jẹ́, tó sì ń ba ọmọ jẹ́, a ò lè máa wò ó níran.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ ÀWỌN MÉJÌ NÍNÚ WA

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan sọ. A kò ní dárúkọ. Àwọn méjèèjì tí ọ̀rọ̀ kàn ló fún wa láyè láti sọ ọ́, wọ́n ní bóyá yóò ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ìyá ń ta èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn níbí, bàbá ń ta páàtì mọ́tò ní Gate. Ọmọbìnrin kan ni wọ́n bí. Nígbà tí wọ́n pínyà, ọmọ náà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, ó sì wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ní oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́, bàbá ń mú owó wá, ó sì ń rí ọmọ. Lẹ́yìn náà ọjà bàbá dẹnu kọlẹ̀, oṣù méjì kọjá láìsí owó. Ìyá wá ní, "Ẹni tí kò bọ́ ọmọ kò ní rí ọmọ." Ọ̀rọ̀ yìí dun bàbá wọra. Lọ́jọ́ kan ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé nígbà tí àwọn ọmọ ń jáde, ó gbé ọmọ sínú ọkọ̀, ó di ọ̀dọ̀ ìyá tirẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn.

Ìyá sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n ní bàbá ọmọ ló gbé ọmọ rẹ̀, kí wọ́n lọ parí rẹ̀ nílé. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ọmọ yẹn kò fi rí ilé ìwé. Nígbà tí àwọn àgbà ẹbí bá wọn dá sí i, ọmọ padà sọ́dọ̀ ìyá, ṣùgbọ́n ìyá náà ti ilẹ̀kùn pa. Oṣù mọ́kànlá gbáko ni bàbá kò fi gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀. Tíṣà ló wá sọ fún ìyá lọ́jọ́ kan pé bí mọ́tò bá ti dúró lẹ́nu géètì ilé ìwé báyìí, ọmọ yìí á sá pamọ́ sẹ́yìn tíṣà. Kò mọ ẹni tó fẹ́ gbé e, kò sì mọ ibi tí wọ́n fẹ́ gbé e lọ.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Bàbá yẹn kì í ṣe èèyàn burúkú. Ìyá yẹn kì í ṣe ìkà. Kálukú wọn ló gbà pé òun ń jà fún ọmọ. Àmọ́ ọmọ ló ń sá pamọ́.

LÁYÉ ÌWỌ̀FÀ

Àwọn àgbà inú wa mọ ohun tí à ń pè ní ìwọ̀fà. Láyé àtijọ́, bí bàbá bá jẹ gbèsè, ó lè fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Ọmọ á máa sin olówó náà, iṣẹ́ tó ń ṣe ló dúró fún èlé, kò sì ní kúrò níbẹ̀ àfi ìgbà tí wọ́n bá san owó náà pé. Ayé ti kúrò níbẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa lónìí tó máa gbà kí wọ́n fi ọmọ òun dúró fún gbèsè. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá bá ní "mú owó wá kí o tó rí ọmọ," kí ló ṣe yẹn? Nígbà tí bàbá náà bá ní "jẹ́ kí n rí ọmọ kí n tó mú owó wá," kí lòun náà ṣe? Ọmọ ni wọ́n fi dúró. Ìwọ̀fà ni wọ́n sọ ọ́ dà.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé nìyí, bí ẹ bá tilẹ̀ gbàgbé ìyókù. Owó ìtọ́jú jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọ. Kí ọmọ máa rí bàbá àti ìyá rẹ̀, ẹ̀tọ́ ọmọ náà ni. Gbèsè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn òbí jẹ ọmọ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ di ọ̀kan mú nítorí èkejì. Bí ẹnì kejì bá kọ̀ tí kò sanwó, kóòtù wà tí ẹ lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹnì kejì bá ti ilẹ̀kùn, kóòtù kan náà lè ṣí i.

OHUN TÍ ÒFIN WÍ

Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé bàbá ló ni ọmọ, ọ̀rọ̀ ti parí. Àwọn mìíràn ní ti ìyá ni ọmọ kékeré, tó bá pé ọdún méje kó máa lọ bá bàbá rẹ̀. Òfin tó wà nílẹ̀ kò sọ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Òótọ́ ni pé àwọn adájọ́ kì í fẹ́ gba ọmọ kékeré lọ́wọ́ ìyá láìnídìí, ṣùgbọ́n ire ọmọ ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo ẹni tó ni ín.

Òfin lórí ẹ̀tọ́ ọmọ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 sọ ní abala kìíní pé nínú ohunkóhun tí a bá fẹ́ ṣe lórí ọmọ, ire ọmọ náà ni kó ṣáájú. Abala 14 ní ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtọ́jú àwọn òbí rẹ̀, kí wọ́n sì máa gbọ́ bùkátà rẹ̀ bí agbára wọn bá ti mọ. Abala 69 ní bàbá tàbí ìyá lè lọ sí kóòtù kí kóòtù pinnu ọ̀dọ̀ ẹni tí ọmọ máa gbé, àti bí ẹnì kejì á ṣe máa rí i. Ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn orílẹ̀-èdè yìí ló ti sọ irú òfin yìí di tiwọn. Ti Ọ̀yọ́ jáde ní 2006, ti Èkó jáde ní 2007.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ yẹn, "bí agbára wọn bá ti mọ." Bàbá tí ọjà rẹ̀ bàjẹ́ kò ní láti sá fún ọmọ. Kó lọ sọ fún kóòtù bí nǹkan ṣe rí, kí wọ́n dín owó náà kù títí ọjà á fi gbé pẹ́ẹ́lí. Èyí tó burú ni kó dákẹ́.

Àwọn tó ṣe ìgbéyàwó ní rẹ́jísírì tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún níwèé àṣẹ, òfin ìgbéyàwó ti 1970 ló ń tọ́ wọn. Abala 71 òfin yẹn náà fi ire ọmọ ṣáájú. Adájọ́ tilẹ̀ lè dá ẹjọ́ dúró ná, kó ní kí òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìdílé kọ́kọ́ lọ wo bí ọmọ ṣe ń gbé, kó wá jábọ̀.

Ní 1992, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní ilẹ̀ wa dá irú ẹjọ́ báyìí. Wọ́n ní ire ọmọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ tó dáa, oúnjẹ, tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ tó ń mú ilé tutù nìkan. Inú dídùn ọmọ àti bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń dàgbà ló ṣe pàtàkì jù. Wọ́n tún ní a kì í fi ọmọ ṣe ẹ̀bùn fún ẹni tó hùwà rere nínú ìgbéyàwó, bẹ́ẹ̀ ni a kì í fi jẹ ẹni tó ṣẹ̀ níyà. Nítorí náà, kí ẹni tó lówó má rò pé owó lòun máa fi kó ọmọ lọ. Kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ náà má sì rò pé ọmọ lòun máa fi gbẹ̀san.

"A KÌ Í TI KÓÒTÙ BỌ̀ KÁ ṢỌ̀RẸ́" ŃKỌ́?

Gbogbo ìgbà tí a bá ti dárúkọ lọ́yà, òwe yìí ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn èèyàn wa. Òwe náà kò parọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè: ta ló ní dandan ni kí ẹ̀yin méjèèjì ṣọ̀rẹ́? Ọmọ kò bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣọ̀rẹ́. Ohun tó fẹ́ ni kó mọ̀ pé lọ́jọ́ Àìkú báyìí bàbá òun ń bọ̀, pé wọn kò ní bú ara wọn lójú òun, àti pé bí ilẹ̀ bá ń ṣú, òun á padà sílé.

Ẹ tún wò ó o, lọ́yà kì í ṣe ẹni tí a ń gbà pé kó bá wa jà nìkan. Ẹ wo ohun tí à ń ṣe nínú ẹgbẹ́ yìí. Bí ẹ bá fẹ́ yá owó, akápò ì báà jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín, a ó kọ ọ́ sílẹ̀. A ó kọ iye tí ẹ gbà àti ọjọ́ tí ẹ máa dá a padà, onídùúró méjì á sì fọwọ́ sí i. Ṣé nítorí pé a kórìíra ara wa ni? Rárá o. Kí a má bàa kórìíra ara wa ni. Bí a bá lè ṣe èyí nítorí owó, ṣé ọjọ́ tí ọmọ máa rí bàbá rẹ̀ kò tó ohun tí à ń kọ sílẹ̀ ni?

Iṣẹ́ tí lọ́yà lè bá yín ṣe nìyẹn. Ẹ̀yin méjèèjì á jókòó, ẹ ó sọ ọ́, lọ́yà á kọ ọ́, ẹ ó fọwọ́ sí i. Wọ́n á gbé e lọ síwájú adájọ́, bí adájọ́ bá rí i pé ó ṣe ọmọ láǹfààní, á sọ ọ́ di àṣẹ kóòtù. Kò sí ẹni tó jàre, kò sí ẹni tó jẹ̀bi. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àdéhùn ẹnu, atẹ́gùn lè gbé e lọ. Àṣẹ kóòtù kì í ṣe ohun tí èèyàn lè fi ọwọ́ gbá sẹ́yìn.

ILẸ̀KÙN WO NI KÍ A KÀN?

Èyí dá lórí irú ìgbéyàwó tí ẹ ṣe. Ẹni tó ṣe ìdána nílànà ìbílẹ̀, àti ẹni tí wọ́n so yìgì fún, kóòtù kọ́sítọ́márì ni tiwọn. Èèyàn lè fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kò di dandan kó gba lọ́yà. Ẹni tó ṣe ti rẹ́jísírì tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì oníwèé àṣẹ, Háì Kọ́ọ̀tù ni. Àwọn tí kò ṣe ìgbéyàwó rárá tí ọmọ fi dé, òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ti ṣètò Kóòtù Ìdílé, èyí tó ní ìpele méjì, ọ̀kan lọ́dọ̀ Májísíréètì, ọ̀kan ní Háì Kọ́ọ̀tù. Bí ẹ kò bá mọ èyí tó kàn yín, ẹ bi lọ́yà kí ẹ tó náwó kankan.

Owó lọ́yà ńkọ́? Ibi tí ọ̀pọ̀ ń pa dà sí nìyí. Ẹ gbọ́ o: Legal Aid Council ti wà láti 1976, òfin tó ń tọ́ ọ báyìí sì jẹ́ ti 2011. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba là sílẹ̀ lọ, ó lè rí lọ́yà gbà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin lọ́yà tí à ń pè ní FIDA náà wà, láti 1964 ni wọ́n ti wà ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ obìnrin àti ọmọ ni wọ́n dìídì ń ṣe. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó wà ní Èkó ní Office of the Public Defender, níbi tí lọ́yà ìjọba ti ń ṣojú fún ẹni tí kò lówó. Wọ́n tún ní Citizens' Mediation Centre, tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní 1999. Wọn kì í dá ẹjọ́ níbẹ̀, ṣe ni wọ́n ń bá èèyàn làjà, wọn kì í sì í gbowó. Ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìdílé ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní wẹ́lífíà, náà lè pe ẹ̀yin méjèèjì jókòó.

Ẹni tó bá fẹ́ fowó ara rẹ̀ gba lọ́yà, kó béèrè iye tí gbogbo iṣẹ́ náà máa jẹ ná, kó sì gba rìsíìtì. Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ mú ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ, ìwé ìgbéyàwó bí ó bá wà, rìsíìtì owó ilé ìwé, àti ìwé báńkì tó fi hàn pé ẹ san owó oúnjẹ. Ẹni tó bá ní ìwé lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í gùn.

OHUN TÓ YẸ KÍ Ó WÀ NÍNÚ ÌWÉ

Ìwé tó kàn sọ pé "bàbá lè rí ọmọ nígbàkúùgbà tó bá yẹ" kò tíì sọ nǹkan kan, nítorí ìgbà tó yẹ lójú bàbá lè má yẹ lójú ìyá. Ẹ sọ fún lọ́yà yín kó kọ àwọn nǹkan wọ̀nyí sínú rẹ̀ ketekete:

1. Ọjọ́ àti aago. Kí ọjọ́ náà bá iṣẹ́ yín mu. Ọ̀pọ̀ wa ni Sátidé jẹ́ ọjọ́ ọjà gan-an; ẹ má mú ọjọ́ tí ẹ mọ̀ pé ẹ ó máa yẹ̀. Kí ẹ kọ aago tó máa gbà á, kí ẹ sì kọ aago tó máa dá a padà.

2. Ibi tí wọ́n ti máa gba ọmọ. Kò gbọdọ̀ jẹ́ iwájú ìsọ̀ lójú oníbàárà. Ilé ẹni tí ẹ̀yin méjèèjì bọ̀wọ̀ fún ló dáa jù.

3. Ẹni tó lè wá gbé e. Bí bàbá kò bá lè wá, ṣé àbúrò rẹ̀ lè wá? Ẹ kọ orúkọ ẹni náà sílẹ̀, kí ẹ sì fún ilé ìwé ní ẹ̀dà kan kí tíṣà lè mọ ẹni tí wọ́n lè fà á lé lọ́wọ́.

4. Ìsinmi ilé ìwé àti ọdún. Iléyá, Kérésìmesì, Àjíǹde, ẹ pín wọn. Ẹni tó bá gba ti ọdún yìí, kí ẹnì kejì gba ti ọdún tó ń bọ̀.

5. Fóònù. Ọjọ́ wo, aago mélòó ni ọmọ máa bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀? Èyí wúlò gan-an fún ẹni tí ọ̀kan nínú wọn ti lọ sí Èkó tàbí sí òkè òkun. Ẹ má gbé fóònù náà sí etí tiyín o.

6. Owó. Ẹ kọ iye rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa wọlé. Kó gba báńkì kọjá, kí ẹ má fi rán ọmọ. Kí ẹ sì kọ ọ́ gbangba pé bí owó bá pẹ́, ọjọ́ ìrí ọmọ kò yẹ̀. Bí ọjọ́ ìrí ọmọ bá sì yẹ̀, owó kò dúró.

7. Àìsàn àti ìdíwọ́. Bí ara ọmọ kò bá yá, wákàtí mélòó ṣáájú ni kí ẹ sọ fún ẹnì kejì? Ọjọ́ wo ni ẹ máa fi rọ́pò?

8. Ẹnu. Kí ẹnikẹ́ni má bú ẹnì kejì lójú ọmọ, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ ọmọ di amí, pé "ta lo bá nílé ibẹ̀, kí ni wọ́n jẹ?"

Ọmọ tó ṣì ń mu ọmú kò lè lọ sùn níbòmíràn. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, wákàtí díẹ̀ díẹ̀ lemọ́lemọ́ ló dáa fún un. Bó bá ń dàgbà, ẹ tún ìwé náà wò. Aṣọ ọmọ ọdún méjì kò lè ba ọmọ ọdún mẹ́wàá mu.

BÍ TI ÀWỌN MÉJÌ YẸN ṢE RÍ

Lọ́yà tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìyá ló kọ lẹ́tà sí bàbá pé kí wọ́n jókòó. Ìjókòó àkọ́kọ́ fọ́ yángá. Bàbá fẹ́ kí ọmọ máa wá sùn lọ́dọ̀ òun lọ́gán, ìyá ní ẹni tó ti gbé ọmọ sá lọ rí kò lè mú un sùn níta. Nígbà tí wọ́n jókòó lẹ́ẹ̀kejì, lọ́yà ní kí wọ́n gbàgbé ìdájọ́ ẹ̀yìn, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n lè ṣe fún oṣù mẹ́ta péré. Wọ́n fẹnu kò sí ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì méjì, láti aago kan ọ̀sán títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, nílé ẹ̀gbọ́n ìyá ọmọ ní Mọ́kọ́lá. Fóònù di alẹ́ Ọjọ́rú. Wọ́n dín owó oúnjẹ kù sí iye tí ọjà bàbá lè gbé. Kóòtù kọ́sítọ́márì gbà á wọlé, ó di àṣẹ.

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́, ọmọ kò kúrò lórí ẹsẹ̀ ìyá àgbà rẹ̀. Bàbá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún wákàtí márùn-ún, ọmọ kò bá a sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ. Nígbà tí aago mẹ́fà lù, ó dìde, ó ní ó dàbọ̀, ó lọ. Ní ẹlẹ́ẹ̀kejì, ọmọ mú ìwé iṣẹ́ rẹ̀ jáde fi han bàbá. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, òun ló ń yọjú lójú fèrèsé kí aago kan tó lù.

Ohun tí ìyá yẹn sọ fún wa ló jẹ́ ká kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní, "Akọ̀wé, kì í ṣe bó ṣe wá ló jẹ́ kí n gbà á gbọ́ o. Bó ṣe lọ ní aago mẹ́fà ni." Ìwé ní aago mẹ́fà, ó sì lọ ní aago mẹ́fà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìyá fúnra rẹ̀ ló ní kí ọmọ máa lọ sùn lọ́dọ̀ bàbá ní alẹ́ Sátidé. Wọ́n ṣì ń ṣe gbólóhùn asọ̀ nígbà mìíràn. Ọjọ́ kan sún kẹrẹ fà kẹrẹ dá bàbá dúró, ó pẹ́ kó tó dá ọmọ padà, ọ̀rọ̀ fẹ́ di ariwo. Àmọ́ ó ti pè lórí fóònù bí ìwé ṣe sọ, ariwo náà kò sì jìnnà.

BÍ ẸNÌ KAN BÁ YẸ ÀDÉHÙN

Ẹ má lọ jí ọmọ gbé. Ẹ má lọ fa ẹnikẹ́ni láṣọ ya lọ́jà. Ẹ má sì rò pé ọlọ́pàá ló máa pín ọmọ fún yín. Òfin ọlọ́pàá ti 2020, ní abala 32, kò gbà kí wọ́n mú èèyàn nítorí ọ̀rọ̀ gbèsè tàbí àdéhùn lásán tí kò ní ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn nínú. Ohun tí ẹ máa ṣe ni kí ẹ kọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n yẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ fún lọ́yà. Lọ́yà á padà sí kóòtù. Ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní Fọ́ọ̀mù 48, ìkìlọ̀ ni, ó ń sọ fún ẹni náà ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí kò bá tẹ̀ lé àṣẹ. Bó bá ṣe agídí, Fọ́ọ̀mù 49 á tẹ̀ lé e, pé kó wá sọ ìdí tí wọn kò fi ní jù ú sẹ́wọ̀n. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ kì í dé ibẹ̀ yẹn.

Bí ó bá sì ṣe pé nǹkan ti yí padà, pé ẹ ti kó lọ sí ìlú mìíràn tàbí ọjà ti bàjẹ́, ẹ má dá yí ìwé padà fúnra yín. Ẹ padà sí kóòtù, wọ́n lè tún un ṣe.

NÍBI TÍ EWU BÁ WÀ

Gbogbo ohun tí a sọ yìí, fún òbí tí ọmọ lè fọkàn balẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ni. Bí ẹnì kan bá ń lu ẹnì kejì, tàbí tó ń ṣe ọmọ níkà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kí ẹ mú un mọ́ra nítorí ọmọ. Ẹ sọ ọ́ fún lọ́yà láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì jókòó sínú yàrá kan náà bí ẹ̀rù bá ń bà yín. Èkó ti ní òfin lórí ìwà ipá inú ilé láti 2007, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tirẹ̀ lórí ìwà ipá ní 2015. Kóòtù lè pàṣẹ pé ojú ẹnì kan ni wọ́n ti máa rí ọmọ, ó sì lè ní kí wọ́n má rí i rárá. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má purọ́ irú èyí mọ́ ẹnì kejì nítorí ìbínú o. Adájọ́ máa wádìí, ọmọ ni wọ́n sì máa fi ìbéèrè dà láàmú.

LẸ́NU ÌGBÌMỌ̀

Nǹkan mẹ́ta ni ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ fẹ́ kí ẹ mọ̀. Èkíní, ẹ má wá bẹ̀ wá pé kí a di owó àjẹṣẹ́kù ẹnì kejì mú nítorí owó ọmọ. Owó olówó ni, àfi bí kóòtù bá pàṣẹ. Èkejì, ẹni tó bá fẹ́ yá owó fún ọ̀rọ̀ báyìí, kó kọ́kọ́ lọ wo ibi tí wọ́n ti ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ó sàn kí owó yín wà nínú ọjà. Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ìyá àgbà àti bàbá àgbà inú wa, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ń gbé ọmọ sá wá. Bí wọ́n bá gbé e dé lóru, ẹ gbà á, ẹ fún un lóúnjẹ, kí ẹ sì pe ẹnì kejì lórí fóònù kí ilẹ̀ tó mọ́, kó mọ ibi tí ọmọ wà.

Lẹ́yìn ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, lọ́yà kan máa jókòó pẹ̀lú wa fún wákàtí kan láti dáhùn ìbéèrè. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lè wá rí i ní ìkọ̀kọ̀ nínú ọ́fíìsì, ẹnikẹ́ni kò ní bi yín ní ohun tí ẹ wá ṣe. Ẹ mú àwọn ìwé yín dání.

Ọjà á tà o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, lórúkọ Ìgbìmọ̀